Tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí Èkó fún hólídè

Okun o, gbogbo ilé. Ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ jù lórí WhatsApp mi, ilé ìwé ò tíì parí táàmù tán tí àwọn ìyá ọmọ lọ́dọ̀ wa ní Kogi níbí, ní Kabba, ní Iyara, títí dé Isanlu, á ti máa bi mí pé táwọn bá kó ọmọ lọ sí Èkó, ibo gan-an ni káwọn mú wọn lọ. Torí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Sùúrùlérè, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ la máa ń dé sí, ni wọ́n ṣe rò pé mo ti dọmọ Èkó. Èmi tí mo ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì mú tí n bá dé Oshodi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má lọ ná gbogbo owó sí mọ́ọ̀lù. Mọ́ọ̀lù wà l'Abuja, Abuja sì sún mọ́ wa ju Èkó lọ, kí ló wá dé téèyàn á fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú mọ́tò kó tó lọ ra áísìkiriìmù? Ibi tó yẹ kọ́mọ wa dé l'Ékòó ni ibi tí kò sí níbòmíì, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì wà lójú kan, ní Onikan, ní Lagos Island níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn látorí ọ̀kan dé orí ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin gbé yín lọ o, torí òun gan-an ti tó ìran wò fún ọmọ tí kò wọ̀ ọ́ rí. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 ni. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, ẹ ra káàdì kẹ́ ẹ rọ owó sí i kẹ́ ẹ tó dé ẹnu géètì, kẹ́ ẹ má di èrò lọ́wọ́ lẹ́yìn. Láti Sùúrùlérè, tèṣọ̀n National Theatre la ti máa ń wọ̀ ọ́, ilé tó rí bíi fìlà sójà yẹn á wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ á máa nàka sí i, kò sì ní pẹ́ tí ọkọ̀ á fi gorí omi. Ọmọkùnrin mi lẹ imú mọ́ gíláàsì títí tá a fi dé Marina, torí omi ńlá tó mọ̀ ò ju Odò Ọya ní Lokoja lọ, ó wá ń bi mí pé ṣé èyí náà ń ṣàn ni àbí ó kàn dúró síbẹ̀. Mo ní kó bi Bíg Mọ́mì ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Èkó.

Ní Onikan, músíọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí. Láti 1957 ló ti wà, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray ló ṣe wàhálà ẹ̀ tó fi dúró. Iṣẹ́ amọ̀ àwọn ará Nok tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì wà ńbẹ̀, iṣẹ́ idẹ Benin wà, ti Ifẹ̀ wà. Àmọ́ mi ò ní pa irọ́ fún yín, mọ́tò Murtala Muhammed, ológun tó ṣe olórí Nàìjíríà láyé ọjọ́sí, làwọn ọmọ máa rántí. Mercedes dúdú tó wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, 13 February 1976, òun gangan ni wọ́n gbé síbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára ẹ̀. Ọmọbìnrin mi yí i po, ó ń wo àwọn ihò yẹn níkọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Mọ́mì, àwọn pólíìsì tó yẹ kó wà níwájú ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi fèrè lé ará ìlú kúrò lọ́nà fún òun, inú gò-síló bíi ti gbogbo èèyàn ni wọ́n ti ká a mọ́. Odidi ẹ̀kọ́ ìtàn Nàìjíríà la ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yẹn lọ́jọ́ náà. Tí ẹni tó ń mú èèyàn yíká bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ gbà á, ẹ fún un ní nǹkan, torí ọmọ kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì.

John Randle Centre ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Dókítà ni Randle, ọmọ Yorùbá ni, òun ló ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Onikan lọ́dún 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè rí ibi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, torí omi ń gbé wọn lọ. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí, àṣà àti ìtàn Yorùbá ló kúnnú ẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé èdè Yorùbá ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, òyìnbó wá tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ mi tí tíṣà ń bá jà tí wọ́n bá sọ èdè wa ní kíláàsì ni wọ́n ń kà á sókè ketekete yìí, tí àwọn ọmọ Lekki tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wò wọ́n lẹ́nu. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń yangàn!

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé wọn, Freedom Park wà lápá Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n làwọn òyìnbó fi ibẹ̀ ṣe láyé ọjọ́sí, wọ́n ti ti Herbert Macaulay mọ́bẹ̀ rí, wọ́n ti Awolowo náà mọ́bẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, igi wà, àyè wà fún ọmọ láti sáré, wọ́n sì ń ta oúnjẹ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá ti di alẹ́ àwọn olórin á dé, àwọn àgbàlagbà á máa mu nǹkan wọn, ẹ tètè kó ọmọ yín kúrò ńbẹ̀ jàre.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Ọmọ tó ń jẹ iyán nílé, ẹ ò lè máa fún un ní ìrẹsì àti ṣíkìnnì láàárọ̀ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ ní ó ń gbádùn Èkó. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wá ẹ̀wà àgànyìn. Àwọn obìnrin tó ń gbé e lérí kiri máa ń ti àdúgbò Sùúrùlérè kọjá ní kùtùkùtù, ẹ máa gbọ́ ohùn wọn kẹ́ ẹ tó rí wọn. Ẹ̀wà yẹn á rọ̀ débi tí ṣíbí ò fi ní rí odidi kankan kó, ata ẹ̀ ni iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n dín nínú epo pupa tó ti gbóná gan-an títí tó fi dúdú, tí epo á wá léfòó sókè. Kì í ta èèyàn bó ṣe rí lójú yẹn. Ẹ ra búrẹ́dì Àgége tó ṣì gbóná tì í, ẹ fà á ya, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Tá a bá ti jẹ ìyẹn kúrò nílé, ó di aago méjì kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Lọ́sàn-án, búkà táwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá tò sí lẹ ó wọ̀, àmọ́ ẹ dé ibẹ̀ kó tó di aago kan, torí tí wọ́n bá ti já dé tán, ẹran dáadáa ti tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra súyà nírọ̀lẹ́, ẹ tètè sọ fún mọ̀lá pé kó má wọ́n yájì sí ti ọmọdé.

Ọjọ́ míì ni ti Lekki o, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Onikan. Lekki Conservation Centre, igbó gidi ni, héktà 78, láti 1990 ni wọ́n ti ń dáàbò bò ó. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé kí la ń wá nínú igbó, ṣebí inú igbó la ti wá. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ afárá tí wọ́n so sókè igi yẹn, mítà 401 ni gígùn ẹ̀, ó sì ń mì, béèyàn bá dé àárín kò sí pé ó ń padà, ẹ̀yìn kún iwájú náà kún. Ẹni tí ẹ̀rù gíga bá ń bà kó dúró nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn kéékèèké. Ọ̀bọ pọ̀ ńbẹ̀, kí ọmọ má di bísíkíìtì mú lọ́wọ́, wọ́n á já a gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ gba Nike Art Gallery lọ, wọn kì í gbowó ìwọlé. Ọmọ wa ni ìyá tó ni ín, Nike Okundaye, ọmọ Ogidi n'Ijumu níbí, tí wọ́n bí lọ́dún 1951, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá àgbà ẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun. Ilé alájà lórí ajà ni, àwòrán kún ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sí àyè ọwọ́ kan tó ṣófo, àwọn ère tí wọ́n fi irin àlòkù ṣe náà dúró síta. Tẹ́ ẹ bá rí ìyá fúnra wọn, ẹ kí wọn ní "Okun o" bá a ṣe ń kíra nílé, inú wọn á dùn. Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kúrò ńbẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin yẹn ká mi mọ́ pé òun fẹ́ mọ irú aṣọ tí màmá màmá òun ń hun ní Bunu àti ìdí tó fi ń pupa, mo ní tá a bá délé á lọ bi wọ́n.

Kó tó di aago mẹ́ta kẹ́ ẹ ti kúrò ní Lekki, torí ọ̀nà Epe nírọ̀lẹ́, ọmọ á sùn á jí, ẹ ó ṣì wà lójú kan.