Àríyànjiyàn Tí A Gbé Lọ sí Canton

Láti Columbus dé Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì ni, ọ̀rọ̀ Tom Brady ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ títí a fi dé. Boston ni wọ́n ń gbé, ní agbègbè tí Brady ti ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ohun tí èèyàn lè sọ nípa ẹni tó dára jù lọ nínú àwọn quarterback bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń darí ikọ̀ tí wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn tó ń sáré níwájú, tí wọn kò ní fi Super Bowl (ìdíje àṣekágbá ọdọọdún) 7 tí Brady gbà dáhùn. Ọmọ wọn tó jókòó lẹ́yìn kò gbà; Patrick Mahomes, quarterback mìíràn tó kéré sí Brady lọ́jọ́ orí, ni tirẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí Mahomes ṣeré tirẹ̀ tán ná." Wọ́n rán an létí pé ní oṣù Èrèlé 2021, ikọ̀ Brady fi 31 sí 9 na ikọ̀ Mahomes.

Canton ni wọ́n ti dá líìgì tó wá di NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ, sílẹ̀ ní 1920, nínú ilé ìtajà ọkọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìrántí àwọn akọni eré náà fi wà níbẹ̀ láti 1963. Nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe tò lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wá Brady tì. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún 5 kí wọ́n tó lè gbà á wọlé, 2023 sì ni Brady fi eré náà sílẹ̀ pátápátá.

Níwájú ère Johnny Unitas, quarterback ayé àtijọ́, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tèmi. Láti 1956 sí 1960, ó ju bọ́ọ̀lù tó di touchdown (ìyẹn àmì-ayò tí wọ́n ń gbà bí bọ́ọ̀lù bá dé ìparí pápá alátakò) nínú ìdíje 47 léraléra, nígbà tí òfin ṣì gba àwọn adènà láyè láti máa fi ara kọlu ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù. Ní 1978 ni wọ́n pàṣẹ pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá yáàdì 5, bọ́ọ̀lù jíjù sì rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Joe Montana, tó gba Super Bowl 4 láìjẹ́ pé alátakò já bọ́ọ̀lù kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn, jẹ àǹfààní òfin yìí. Brady náà jẹ ẹ́ yó. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé òfin kọ́ ló gbé ikọ̀ Brady tí Atlanta ti fi 28 sí 3 ṣíwájú rẹ̀ dìde ní 2017 títí tó fi borí. Ìyẹn le láti já nírọ́.

Síbẹ̀, Otto Graham ti Cleveland Browns ni tèmi. Ọdún 10 ló fi ṣeré, láti 1946 sí 1955, ọdọọdún ni ikọ̀ rẹ̀ dé àṣekágbá, wọ́n sì gba ife 7 níbẹ̀.

"Àbúrò, líìgì mìíràn ni wọ́n ti gba mẹ́rin nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ wọ NFL, ní 1950, wọ́n gba ife tibẹ̀ náà. Ní 1953, ìgbọ̀nwọ́ alátakò fa ẹnu Graham ya. Wọ́n rán an, wọ́n fi ike dí iwájú àṣíborí rẹ̀, ó sì padà wọ pápá lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọmọ náà wo ère ọ̀hún, ó wo ojú mi: "Ọ̀ǹkù, ṣé wọ́n ti bí yín nígbà yẹn?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi jáde. Wọ́n ní dandan ni ká padà wá tí wọ́n bá gbé Brady wọlé. Mo gbà, bó bá jẹ́ àwọn ni yóò ra epo ọkọ̀.