Ó béèrè kó tó fọwọ́ kàn mí

Ọ̀dọ̀ físíò, ìyẹn elétò ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan ara, ni mo ti ń bọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbígbóná.

Láti ìgbà tí mo ti bímọ ni ìrora abẹ́ ikùn ti ń bá mi fínra. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ lọ, "Dùbúlẹ̀, la ẹsẹ̀" ni. Kí n tó dáhùn, ọwọ́ ti débẹ̀. Obìnrin tòní kọ́kọ́ jókòó tì mí. Ó ní àwọn iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí tó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, wọ́n máa ń súnkì, nígbà mìíràn wọn kì í tètè dẹ̀ mọ́. Ó ní ìrora mi kì í ṣe àròsọ.

Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gbé ọwọ́ lé ikùn yín, lórí aṣọ?" Bí mo bá ní ó tó, òun á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Kò yẹ abẹ́ mi wò rárá lónìí. Mímí ló kọ́ mi: kí n fa èémí sínú títí ikùn á fi wú, kí n wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àṣé mo ti ń fún ìdí pọ̀ láìmọ̀! Bó ṣe dẹ̀ báyìí, omijé bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin obìnrin, àti ẹ̀yin ọkùnrin náà torí irú ìrora yìí ń ṣe yín, ta ló ti rí irú ìtọ́jú yìí rí?