Bíbẹ etí irin róbótó nínú FreeCAD: àkọsílẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mushin

Iṣẹ́ òní kò ju ṣáàfù kan lọ, ìyẹn ọ̀pá irin róbótó tó ń yí nínú ẹ̀rọ: ó gùn ní mílímítà 60, ó fẹ̀ ní mílímítà 20, orí rẹ̀ á sì wọ inú bíárìn, òrùka irin tó ń gbé ṣáàfù dúró bó ṣe ń yí. Inú FreeCAD, software tí a fi ń ya àwòrán ohun èlò lórí kọ̀ǹpútà, ni a ti yà á. Ẹni tó máa fi lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e, ṣe é ní Mushin kò ní rí fáìlì rárá, ìwé tí a bá tẹ̀ ni yóò wò.

Etí ṣáàfù tí kò ní chamfer, ìyẹn etí tí a bẹ dàgẹ̀rẹ̀, máa ń mú bí abẹ. Tí wọ́n bá fi òòlù gbá a wọ bíárìn, á kọ́kọ́ họ inú bíárìn náà, á sì wọ́ tó bá ti wọlé. Etí tí a bá bẹ ló ń júwe ọ̀nà fún irin. Torí náà, ohun tó máa wọ inú ohun ló yẹ kó sọ iye tí a ó bẹ. Ẹwà ojú kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà rẹ̀ nínú Part Design, apá FreeCAD tí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò gùn: tẹ òbírí tó wà ní etí, tẹ Chamfer, kọ iye. Tí o bá bẹ mílímítà 1 ní dígírì 45, ojú orí ṣáàfù á kù sí mílímítà 18, nítorí lọ́tùn-ún lósì ló ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ka ẹ̀gbẹ́ kan péré.

Ohun kan wà tó ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Lójú tiwa, ọ̀pá róbótó ní etí méjì, orí àti ìdí. Lójú FreeCAD, mẹ́ta ni. Ẹ̀kẹta ni ìlà tóóró tó wá láti orí dé ìdí, níbi tí ara ọ̀pá ti yí po tó wá pàdé ara rẹ̀, bí ojú rírán ṣòkòtò. Tó bá jẹ́ òun lo tẹ̀, kò sí igun tí Chamfer máa bẹ níbẹ̀. Sún mọ́ ọn, kí o rí i dájú pé òbírí lo mú.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an ni Distance and angle, níbi tí a ti ń kọ gígùn kan àti dígírì kan fún chamfer. Ní dígírì 45, ibi yòówù kí ènìyàn ti wọ̀n ọ́n, ọ̀kan náà ni. Ní 30, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mú mílímítà 2 lọ sí gígùn ṣáàfù. Tí dígírì 30 bá jẹ́ sí ìhà gígùn, ẹ̀gbẹ́ á wọlé ní mílímítà 1.15, ojú orí á kù sí 17.7. Tó bá jẹ́ sí ojú orí ni a wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbẹ́ á wọlé ní 3.46, ojú orí á sì kù sí 13.1 péré. Nọ́ńbà kan náà, irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Bọ́tìnì tó ń yí ìhà padà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá tẹ̀ ẹ́, fi irinṣẹ́ ìwọ̀n wo ojú orí náà, má fi ojú díwọ̀n.

Páìpù náà ní tirẹ̀. Kí ìta rẹ̀ jẹ́ 22, kí inú jẹ́ 18, ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 2. Ẹni tó bá bẹ 1 níta, tó tún bẹ 1 nínú, ti jẹ ojú orí tán pátápátá, software á sì yarí. Bẹ 0.8 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 0.4 á ṣẹ́kù.

Èjìká ṣáàfù, níbi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti pàdé irin nínípọn, kì í ní igun mímú, torí ẹnu irin ìgé fúnra rẹ̀ róbótó díẹ̀. Tí ìtẹ̀ róbótó tó fi sílẹ̀ ní igun náà bá jẹ́ mílímítà 1, kí chamfer ẹnu ihò ohun tó máa jókòó sí i ju 1 lọ, 1.5 dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gun orí ìtẹ̀ yẹn, kò sì ní fara ti èjìká láéláé.

Chamfer ló yẹ kó kẹ́yìn nínú iṣẹ́. Tí o bá lọ yí Sketch ìsàlẹ̀, àwòrán ìlà tí iṣẹ́ dúró lé, padà lẹ́yìn náà, orúkọ tí FreeCAD fún etí lè yí, kí chamfer máa wá Edge (etí) tí kò sí níbẹ̀ mọ́. FreeCAD 1.0 tó jáde lọ́dún 2024 dín wàhálà yìí kù gan-an, àmọ́ kò pa á rẹ́. Fún ṣáàfù, èmi fẹ́ràn kí a ya ìdajì rẹ̀ nínú Sketch, pẹ̀lú ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ yẹn nínú rẹ̀, kí a wá fi Revolution yí i ní 360. Kò sí etí tí a ó máa wá kiri.

Ní orí ìwé tó ń lọ sí Mushin, a ya orí ṣáàfù náà lọ́tọ̀ ní ìlọ́po 5, a fi ọfà fa dígírì 30 láti ìlà àárín, a sì kọ 17.7 sí ojú orí.