Fúráìdè ni wọ́n ń jẹun

Ní aago 9 alẹ́ Fúráìdè, mo máa ń pa iná pálọ̀, màá wá tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ọmọ mi ọkùnrin á sì fa àga sún mọ́ àpótí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A kì í sọ̀rọ̀. Màá fi ẹ̀mú gígùn mú ìrẹ̀ kan nínú ike, màá rọra gbé e kalẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹnu ihò Àbẹ̀kẹ́, aláǹtakùn ńlá mi, màá yọwọ́.

Ìrẹ̀ yẹn á kọ́kọ́ dúró. Á mi irun gígùn méjèèjì tó wà lórí rẹ̀, á gbẹ́sẹ̀ kan, á tún dúró. Nínú òkùnkùn ihò, wàá rí orí ẹsẹ̀ méjì tó yọ díẹ̀, tó fara kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Ó ń fetí sí i lóòótọ́. Ojú 8 ni Àbẹ̀kẹ́ ní, ṣùgbọ́n wọn ò ríran tó nǹkan. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti mì. Ìrẹ̀ á tún gbẹ́sẹ̀. Kí o tó ṣẹ́jú, Àbẹ̀kẹ́ ti bọ́ síta, ó ti da ẹsẹ̀ bò ó bí ìgbà tí èèyàn bá da agbọ̀n bo òròmọdìẹ, eyín rẹ̀ méjèèjì ti wọlé.

Mo fẹ́ràn ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ni mo ti ń retí láti Mọ́ńdè. Tó bá ti di ìrẹ̀ mú ṣinṣin lẹ́nu, á nàró, á wá máa yí lójú kan, díẹ̀díẹ̀, á máa fi ìdí kan ilẹ̀, á gbé e, á tún fi kàn án, òwú funfun á máa jáde níbẹ̀ títí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á fi dà bí ibi tí wọ́n tẹ́ aṣọ àlà sí. Ijó ayọ̀ ni àwa tó ń sìn wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ló ń fi òwú yẹn dì, bí ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, àmọ́ ijó ni lójú tèmi. Àwọn àgbà tó ní aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára, ó dá mi lójú pé wọ́n ti jókòó wò ó rí.

Ìséyìn ni wọ́n bí mi sí. Manchester ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àbẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ rà nínú àwọn aláǹtakùn ńlá onírun tí òyìnbó ń pè ní tarantula. Honduras àti Nicaragua ni ilé ìran rẹ̀. Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sin ìyá rẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ọdún 7 nìyẹn. Lónìí, tó bá na ẹsẹ̀, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi, abo irú rẹ̀ sì lè lò ju 20 ọdún lọ.

Àwa tá a dàgbà sí Òkè-Ògùn mọ ìrẹ̀ dáadáa. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó gbé ọkọ́ kékeré, a ó máa wá ibi tí erùpẹ̀ titun bá ṣù jọ sí lẹ́nu ihò. A ó wa ìrẹ̀ jáde, a ó já ìyẹ́ àti ìfun rẹ̀, a ó sun ún, a ó fi iyọ̀ jẹ ẹ́. Ti ibí kéré, kò tó ìdajì ti Ìséyìn, wọ́n sì ń tà á nínú ike ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 3. Ọjọ́ kan mi ò dé ike náà dáadáa, àwọn ìrẹ̀ sì sá wọ ẹ̀yìn fíríìjì. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 6 àárọ̀, mo bá wọn tí wọ́n ń ké. Mi ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, mo ń gbọ́ alẹ́ ilé bàbá mi.

Mo máa ń bọ́ àwọn ìrẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó di oúnjẹ: kárọ́ọ̀tì, ewé ẹ̀fọ́, ọsàn díẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìrẹ̀ ni aláǹtakùn máa mu. Mímu ni mo wí, nítorí kò lè gbé nǹkan líle mì. Omi inú rẹ̀ ló máa ń bì sórí ìrẹ̀, á máa rún un, ara ìrẹ̀ á yọ́, á wá fà á mu. Ó lè fi wákàtí mélòó kan ṣe é. Ohun tó bá kù kì í ju kóró ìbẹ́pẹ kan lọ, dúdú, ó ṣù rogodo. Inú àwo omi ni Àbẹ̀kẹ́ máa ń jù ú sí, èmi á sì fọ àwo náà ní àárọ̀ Sátidé.

Lómé, aláǹtakùn mi mìíràn, kò ní irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Lómé torí pé Tógò àti Gánà ni wọ́n ti ń rí ìran rẹ̀, Heteroscodra maculata. Orí igi ló ń gbé. Ó funfun bí eérú, ó ní àmì dúdú kéékèèké, tó bá lẹ̀ mọ́ èèpo igi, o lè wò ó títí kí o má rí i. Òun ni mi ò kì í fọwọ́ súnmọ́ rárá, torí eré rẹ̀ kọjá ohun tí ojú ń tẹ̀ lé, oró rẹ̀ sì le. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi oró irú rẹ̀ ṣèwádìí bí iṣan ara ṣe ń gbé ìrora. Lára àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, mo rí ohun tí ìrora ń ṣe lójoojúmọ́, nítorí náà mo máa ń ronú sí i nígbà tí mo bá ń fi ẹ̀mú na ìrẹ̀ sí i.

Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n. Mo ní, "Màámi, ẹ wò ó," mo yí fóònù sí Àbẹ̀kẹ́.

"Ṣé kò sí adìẹ tí o lè sìn ní ìlú òyìnbó ni?"

Ṣùgbọ́n wọn ò pa fóònù. Àbẹ̀kẹ́ mú ìrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Màámi dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ó mà ń jó." Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá pè lálẹ́ Fúráìdè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni, "Àwọn ọmọ ẹ ti jẹun?"

Ẹni tó fi mí sínú ìrònú lọ́dún yìí ni Olórúnkún, tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Mẹ́síkò ni irú wọn ti wá. Wọ́n kó wọn nínú igbó tà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi wọ́n sábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní 1985; èyí tí wọ́n bí sílé ni mo rà. Láti ìparí July, kò jẹun mọ́. Gbogbo Fúráìdè ni mo ń fi ìrẹ̀ lọ̀ ọ́, gbogbo òru ni mo ń yọ ọ́ kúrò kí n tó sùn, torí aláǹtakùn tó fẹ́ bọ́ awọ kò lágbára, ìrẹ̀ lásán lè gé e jẹ. Ibi tó pá lórí ikùn rẹ̀ dúdú sí i. Ọ̀sẹ̀ 11.

Lálẹ́ Túsìdè kan, ọmọ mi pariwo pé ó ti kú. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ikùn wo òkè. Mo ní kó má fọwọ́ kan àpótí rárá: èyí tó ń kú, ṣe ló máa ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́, èyí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ń bọ́ awọ ni. Nígbà tó di òwúrọ̀, awọ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun tẹsẹ̀, tòun teyín. Olórúnkún titun dúró níbẹ̀, oríkèé rẹ̀ ń tàn, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gúsí. Eyín tó funfun kò tíì le. A tún dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì títí wọ́n fi dúdú.

Lánàá, mo gbé ìrẹ̀ kékeré kan síwájú rẹ̀. Ìrẹ̀ náà kò rìn ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Olórúnkún nàró, ó gbé ìdí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fóònù mi dún. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i sí àpótí kí Màámi lè rí i.