Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yàtọ̀ sí sísá wọ ẹgbẹ́ ìjọba

Nígbàkigbà tí olóṣèlú kan bá ti ẹgbẹ́ alátakò bọ́ sínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá, máa ń sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé ìṣọ̀kan ti dé. N kò fara mọ́ ọn. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tòótọ́ ni kí oníkálùkù dúró sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ kí ó gbà láti bá alátakò rẹ̀ ṣe ohun kan pàtó tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní. Abala 68 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tilẹ̀ sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó parí yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tí ó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Àyàfi yìí ni wọ́n ń sá sí lábẹ́: olórí ilé á ka lẹ́tà kan péré pé ẹgbẹ́ ti pín, àwọn ẹlẹgbẹ́ tuntun á sì máa dì mọ́ ẹni náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Àbá àtúnṣe òfin tó fẹ́ fún ààrẹ àti àwọn gómìnà láǹfààní sáà kẹta wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ìbò ọdún 2003 ti fún PDP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà náà, ní ìjókòó 76 nínú 109, bẹ́ẹ̀ 73 péré ni ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin ń béèrè. Ká ní orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé ni, wọn kì bá tí wojú àwọn ẹgbẹ́ alátakò bí ANPP tàbí AD rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ PDP dìde, wọ́n tako àbá náà pẹ̀lú àwọn alátakò, nígbà tí Ken Nnamani, olórí ilé tí òun náà jẹ́ ọmọ PDP, sì ní kí wọ́n fi ohùn dìbò, àwọn tó ní "rárá" ló borí. Gbogbo àbá náà dànù, tòun ti àwọn àtúnṣe mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ PDP ni Nnamani ṣì jẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Òfin tó dín ọjọ́ orí olùdíje sípò ààrẹ kù láti 40 sí 35, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2018, rí bẹ́ẹ̀ náà. Tony Nwulu, ọmọ PDP láti Èkó, ló gbé e wá sí ilé aṣojú-ṣòfin. AbdulAziz Nyako, ọmọ APC láti Adamawa, ló gbé e wá sí ilé àgbà.

Àwa ará Àbújá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A kò ní gómìnà, a kò sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwa. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣe òfin fún wa, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ètò ìsúná wa. Nínú gbogbo àwọn 469 tó wà nílé méjèèjì, mẹ́ta péré ni tiwa: sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú-ṣòfin méjì. Bí ará Bwari tàbí Kuje bá fẹ́ kí àbá kan lórí ilẹ̀ tàbí omi di òfin, aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wọ ọ́fíìsì aṣòfin ará Sókótó tàbí ará Èkìtì láìbéèrè ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì rọ̀ ọ́ títí yóò fi gbà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé àdúgbò wa, ohun tí mo fẹ́ kí á bi wọ́n ni pé: àbá wo ni ẹ ti bá ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn jọ gbé kalẹ̀ rí, ta sì ni ẹni náà?