Ohun tí amọ̀ abẹ́ ilé kọ́ mi nípa ìmìtìtì ilẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà tí mo wà níbi tẹ́ ẹ wà yìí. Mo rò pé bíi tìmùtìmù ni ilẹ̀ rírọ̀ rí: tí ìmìtìtì bá dé, amọ̀ á gba agbára rẹ̀ mọ́ra, ilé orí rẹ̀ á sì bọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Olùkọ́ mi kò bá mi jiyàn, àkọsílẹ̀ Mexico City ti ọdún 1985 ló gbé síwájú mi.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, etíkun Michoacán, lórílẹ̀-èdè Mexico, ni ilẹ̀ ti mì, ibẹ̀ sì ju 350 kìlómítà lọ sí Mexico City tó jẹ́ olú ìlú. Ní apá ìlú tó wà lórí ilẹ̀ líle, níbi tí yunifásítì wà, ìmì náà kò ju nǹkan bí 3 sí 4 nínú 100 agbára òòfà ilẹ̀ lọ. Àmọ́ ní apá tó wà lórí ojú adágún Texcoco àtijọ́, níbi tí amọ̀ olómi ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n wọn nǹkan bí 17 nínú 100. Ìmìtìtì kan náà, ìlú kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú.

Ìgbì tó ń sáré nínú àpáta máa ń fẹsẹ̀ falẹ̀ tó bá wọ amọ̀, agbára tó gbé bọ̀ á wá jọ síbẹ̀, ìmì á sì tóbi sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbì á há sáàárín àpáta ìsàlẹ̀ àti ojú ilẹ̀, á máa lọ, á máa bọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní àsìkò tó fi ń fì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 4 sọ jíjìn ilẹ̀ rírọ̀ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi ìyára ìgbì pín in. Amọ̀ tó jìn ní mítà 40, tí ìgbì ń fi mítà 80 sáré nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa fi ìṣẹ́jú àáyá 2 fì lọ fì bọ̀. Bí ti Mexico City ṣe rí gan-an nìyẹn níbi tí ìparun ti pọ̀ jù.

Ilé náà ní àsìkò tirẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá fún àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ti ọmọ lórí jangirọ́fà rí mọ̀ pé tí ìtì bá ti bá àsìkò mu, ọwọ́ kékeré ló ń gbé ọmọ dókè. Síbẹ̀, ilé alájà 6 sí 15 ló bà jẹ́ jù, ìyẹn sì dà mí láàmú: alájà 10 ń fi ìṣẹ́jú àáyá 1 fì, kí ló dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó ń fi 2 fì? Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ilé tó bá ti ń sán máa ń rọ̀, bó ṣe ń rọ̀ ni ìfì rẹ̀ ń falẹ̀, títí á fi rìn lọ bá ilẹ̀ níbi tó wà. Torre Latinoamericana, ilé gogoro alájà 44 ní ìlú náà, dúró digbí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ilẹ̀ kan ní burúkú kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìmìtìtì tó sún mọ́ ìlú náà jù ti 1985 lọ wá pẹ̀lú ìmì tó yá. Àwọn ilé tó kúrú díẹ̀ ló jìyà lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá lẹ́bàá adágún àtijọ́ náà, níbi tí amọ̀ kò ti jìn púpọ̀.

Yanrìn olómi tún ní ewu tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní liquefaction: ìmì á mú kí yanrìn náà máa ṣe bí omi, kò sì ní lè gbé ilé dúró mọ́. Ní ìlú Niigata, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́dún 1964, àwọn ilé kan dùbúlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sùn, tí ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Ilẹ̀ ló sá lábẹ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ kan tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ máa ń dá ihò ìwádìí dúró ní mítà 10 nítorí owó. Ó dùn mí títí dòní pé n kò tètè sọ̀rọ̀. Kódà mítà 30 tí òfin ìkọ́lé púpọ̀ fi ń pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí lè má tó, torí amọ̀ lè ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa béèrè ibi tí ilẹ̀ líle wà. Ẹ tún gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìgbọ̀n tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wé èyí tó lọ sókè, ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti ga jù á fi àsìkò ilẹ̀ hàn yín. Kí wọ́n tó pinnu iye àjà ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àwòrán ilé ti parí, ilẹ̀ àti ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. A tún àwòrán náà yà látìbẹ̀rẹ̀.