Béèsì ló ń tún orin ṣe o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé ẹ fẹ́ràn orin pop, ṣé ẹ máa ń gbọ́ béèsì inú ẹ̀, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣá? Lálẹ́ àná níbi rìhásà kọ́yà wa l'Ádó-Èkìtì níbí, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kàn tẹ do, mi, so mọ́lẹ̀, kò gbọ́wọ́ kúrò. Bùrọ̀dá onígìtá béèsì kọ́kọ́ gbá do sí i nísàlẹ̀, ó dáa, kò sí wàhálà. Ló bá bọ́ sí la. Háà! Do mi so kan náà o, ọmọ yẹn ò yí ìka kankan padà, àmọ́ orin ti fajú ro, ó ti di ohun tí wọ́n ń pè ní mínọ̀, torí ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá letí wa fi máa ń wọn àwọn tó kù. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí fa, gbogbo ẹ̀ wá ṣí gbayawu, tá a bá kà á láti orí fa, mi ti di ìkeje, so ti di ìkẹsàn-án, àwọn ohùn aládùn yẹn gan-an. Ọmọ yẹn ní "bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbá," àwa náà ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ọ́tò nínú kọ́yà wá fi re kún un lókè, orí mi wú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má kó kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tá a tẹ̀ pa pọ̀, jọ sọ́dọ̀ béèsì nísàlẹ̀ o, wúruwùru lá máa dún. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ béèsì inú orin pop yín, fóònù lásán kì í gbé béèsì jáde dáadáa.